Linux Mint ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè kan náà ló ń wá láti Tanke, láti Ọ̀fà, láti Òmù-Àrán, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwa tí a ń lo Linux Mint ládùúgbò yìí kó wọn jọ síbí kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè kà á fúnra rẹ̀, kí ẹni tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ sì lè rí ibi tó máa tọ́ka ará àdúgbò rẹ̀ sí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó le wà nísàlẹ̀.

Kí ni Linux Mint gan-an?

Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, bí Windows ti jẹ́. Òun lẹ máa bá pàdé tí ẹ bá tan ẹ̀rọ: ibi tí áàpù ti ń ṣí, ibi tí fódà wà, bọ́tìnì tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì tí ẹ ó tẹ̀ kí ẹ tó rí ohun tí ẹ ń wá. Ẹni tó bá ti lo Windows 7 rí kò ní ṣìnà nínú rẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Clément Lefèbvre, ló dá a sílẹ̀ ní 2006, ṣùgbọ́n orí iṣẹ́ àwọn mìíràn ló kọ́ ọ lé. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux fúnra rẹ̀ ní 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland. Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní 1993, ó kó Linux àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ áàpù pọ̀ sójú kan. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa gbé jáde ní 2004, dúró lórí Debian, Mint sì dúró lórí Ubuntu.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́? Ta ló wá ń sanwó fún àwọn tó ń ṣe é?

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kò ní ra nọ́ńbà ìwé àṣẹ kankan, ẹ kò sì ní wá ẹni tó máa bá yín fi "crack" ṣí i.

Àwọn tó ń lò ó ló ń dá owó fún wọn, pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ díẹ̀ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́. Lóṣooṣù ni wọ́n máa ń kéde iye tó wọlé àti iye èèyàn tó dá a. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí ẹni tó bá fi díẹ̀ ránṣẹ́ lè rí i pé tòun náà wọlé. Ní ti Ubuntu, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Canonical ló ni ín, iṣẹ́ tí wọ́n ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ló sì ń mówó wọlé fún wọn.

Láptọ́ọ̀pù mi ti pẹ́. Ṣé ó máa gbé e?

Ó ṣeé ṣe kó gbé e ju Windows tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kékeré kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà), àti ìran kẹjọ sókè tó bá jẹ́ Intel ni ẹ̀rọ yín. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ní Core i5 ìran kẹrin tàbí ìkẹfà, irú èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé kiri, ti ṣubú kúrò nínú ìyẹn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ gidi ni.

Mint ní òun lè ṣiṣẹ́ lórí RAM 2GB, ṣùgbọ́n 4GB ló máa tù yín lára. Àyè 20GB lórí dísìkì ló kéré jù. 100GB ni wọ́n dámọ̀ràn. Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, SSD (dísìkì tó yára ju háàdì dísìkì lọ) ni kí ẹ rà kí ẹ tó ra RAM. Háàdì dísìkì tó ti gbó ló ń fa ọ̀pọ̀ ìlọ́ra tí àwọn èèyàn ń dá Windows lẹ́bi fún.

Ẹ̀rọ 32-bit nìkan ni kò ní lè gbé e. Láti Mint 20 tó jáde ní 2020, 64-bit nìkan ni ẹ̀dà tó dúró lórí Ubuntu.

Cinnamon, MATE, Xfce: èwo ni kí n mú?

Ojú mẹ́ta tí Mint ní nìyí, ẹ ó mú ọ̀kan. Tí RAM bá tó 4GB, ẹ mú Cinnamon. Tí kò bá tó, Xfce. MATE náà dára, àwọn tó fẹ́ràn ojú Linux àtijọ́ ló sábà máa ń yàn án. Ohun kan náà ló wà nísàlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kò pàdánù nǹkan kan.

Dátà wọ́n. Ṣé dandan ni kí n fi dátà tèmi fà á wálẹ̀?

Rárá. Fáìlì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB. Kí ẹnì kan fi dátà òru fà á wálẹ̀, kó sì fi fláàṣì pín in fún àwọn yòókù. Kò sófin tó lòdì sí i. Fláàṣì 8GB tó, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló máa parẹ́. Rufus tàbí balenaEtcher lẹ máa fi kọ ọ́ sórí fláàṣì láti orí Windows. Ẹni tó bá ń pín in kiri, kó lo Ventoy, kó lè kó oríṣiríṣi ẹ̀dà sórí fláàṣì kan náà.

Ẹ yẹ fáìlì náà wò kí ẹ tó fi sórí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni, pàápàá tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì lẹ ti gbà á. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì 2016, àwọn ọ̀daràn já wọ ìkànnì Mint fúnra rẹ̀, wọ́n sì darí àwọn tó fẹ́ fa Mint 17.3 Cinnamon wálẹ̀ sí ayédèrú tó máa ń jẹ́ kí wọ́n lè wọ kọ̀ǹpútà onítọ̀hún láì mọ̀. Àwọn tó ń ṣe Mint ló tètè kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ wò kò le: lórí ẹ̀rọ tó ní Linux, ẹ ṣí Terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ tẹ `sha256sum`, kí ẹ fi àlàfo díẹ̀ sí i, kí ẹ kọ orúkọ fáìlì náà. Nọ́ńbà gígùn kan máa jáde. Ẹ fi wé èyí tó wà lórí ìkànnì Mint. Tí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, ẹ pa fáìlì náà rẹ́.

Ṣé àwọn fáìlì mi kò ní sọnù?

Wọ́n lè sọnù tí ẹ bá kánjú. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ yọ dísìkì náà kúrò lára ẹ̀rọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè kọ́kọ́ dán Mint wò láti orí fláàṣì láì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ṣe ń tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ F12 lára Dell tàbí Lenovo, Esc tàbí F9 lára HP, kí ẹ yan fláàṣì. Ẹ wo Wi-Fi, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ wo bóyá kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ tó wá fi sórí rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ kí Windows àti Mint jọ wà, ohun méjì ni kó ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó pa Fast Startup nínú Windows, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Mint lè máa rí fáìlì Windows láì lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Kó sì wò ó bóyá BitLocker, tí Windows fi ń ti dísìkì pa, wà ní títàn: kó pa á, tàbí kó kọ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí i padà síbì kan. A ti rí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń béèrè nọ́ńbà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò.

Mo ti fi sí i, ṣùgbọ́n Wi-Fi kò yọjú.

Ẹ so fóònù mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà, kí ẹ tan USB tethering. Mint máa rí íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Driver Manager, yóò wá ohun tí Wi-Fi yín ń fẹ́, ẹ ó gbà á, ẹ ó pa ẹ̀rọ, ẹ ó tún un tàn. Broadcom ló sábà máa ń fa èyí.

Word ni mo fi kọ project mi. Ṣé ọ̀gá mi á lè ṣí ohun tí mo bá ṣe lórí Mint?

Á lè ṣí i. LibreOffice ti wà lórí Mint látìbẹ̀rẹ̀, ó ń ṣí fáìlì .docx, ó sì ń tọ́jú iṣẹ́ sí .docx. Ẹ lọ sí Tools, Options, Load/Save, General, kí ẹ sọ fún un pé .docx ni kó máa lò nígbà gbogbo, kí ọ̀gá yín má baà gba fáìlì tí kò mọ̀.

Ibi tí wàhálà ti máa ń wá ni fọ́ǹtì. Tí Times New Roman kò bá sí lórí ẹ̀rọ, LibreOffice máa lo Liberation Serif, tí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ bá ti Times mu, nítorí náà ojú ewé kì í ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Carlito ló ń rọ́pò Calibri, Caladea ló ń rọ́pò Cambria. Ẹni tó bá fẹ́ Times gan-an lè gba `ttf-mscorefonts-installer`. Àtẹ tí a fi àpótí ọ̀rọ̀ lé lórí àti ìlà ìṣirò tó díjú ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà ìkẹyìn tí ẹ fẹ́ lọ tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, kó jẹ́ PDF.

CorelDRAW ni mo fi ń jẹun.

Ẹ má kúrò lórí Windows. Kò sí CorelDRAW fún Linux lónìí, ẹni tó bá ní Inkscape á ṣí gbogbo fáìlì .cdr yín bó ṣe wà kò sọ òótọ́ fún yín. Inkscape dára púpọ̀ fún iṣẹ́ tuntun, Scribus mọ CMYK, GIMP àti Krita ń ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí oníbàárà ti gbé wá láti ọjọ́ pípẹ́, orí CorelDRAW ni kó wà. Ẹ̀rọ kejì, tí ẹ fi ń tẹ lẹ́tà, tí ẹ fi ń gba owó, tí ọmọ iṣẹ́ ń lò, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi Mint sí.

Ṣé ọmọ lè fi múra JAMB sílẹ̀?

Èyí tó bá wà lórí ìkànnì, ó lè ṣe é láti inú Firefox láì sí wàhálà. Àwọn áàpù ìdánrawò tó jẹ́ .exe ló yàtọ̀: Wine, tó ń jẹ́ kí áàpù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ń gbé òmíràn nínú wọn, kò gbé òmíràn, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó rẹ̀. Fún ọmọ kékeré, GCompris àti Tux Paint wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Software Manager. Klavaro ń kọ́ ọmọ láti tẹ̀wé láì wo kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn sì máa wúlò fún un nínú gbọ̀ngán CBT.

Fáírọ́ọ̀sì ńkọ́?

Fáírọ́ọ̀sì tí a ń bá kiri níbí, Windows ni wọ́n kọ ọ́ fún, kì í ṣiṣẹ́ lórí Mint. Ẹ mọ irú èyí tó máa ń gun fláàṣì ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà: ẹ dé ilé, gbogbo fódà ti di shortcut, ẹ rò pé iṣẹ́ yín ti lọ. Ẹ kì fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà tó ní Mint, kí ẹ tẹ Ctrl àti H. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa rí fódà kan tí wọ́n fi pamọ́, tí kò tilẹ̀ ní orúkọ gidi, gbogbo fáìlì yín á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kó wọn jáde, kí ẹ nu fláàṣì náà mọ́.

Èyí kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè lù yín ní jìbìtì. Ayédèrú ìkànnì báǹkì rí bákan náà lójú Mint àti lójú Windows.

Iná lọ nígbà tí update ń lọ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé nǹkan bàjẹ́.

Ìbéèrè yìí ló wá jù lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ní ìlú tí iná lè lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ `sudo dpkg --configure -a`, kí ẹ tẹ Enter. Á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kò ní hàn lójú, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Tó bá parí, ẹ tẹ `sudo apt --fix-broken install`. Àwọn méjì yìí á parí ohun tí iná dá dúró. Ọ̀pọ̀ tó gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà nítorí èyí ì bá ti ṣe é fúnra wọn.

Tí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ wá sókè mọ́, Timeshift ló kù. Ẹ tò ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ fi Mint sí i, kó máa ya àwòrán bí ètò ṣe wà lóòrèkóòrè. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ fi fláàṣì Mint tan ẹ̀rọ, ẹ ṣí Timeshift, ẹ yan ọjọ́ tí nǹkan ṣì dára. Ẹ rántí pé Timeshift kì í tọ́jú ìwé àti fọ́tò yín bí ẹ kò bá sọ fún un. Ètò nìkan ló ń tọ́jú. Fún ìwé yín, ẹ lo Backup Tool sórí dísìkì mìíràn.

Desktop tí kò ní bátìrì, ẹ má ṣe update lórí rẹ̀ láì sí UPS tàbí ínfátà.

Báwo ni mo ṣe lè tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì?

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ ṣí Keyboard, ẹ lọ sí Layouts, ẹ fi Nigeria tó ní Yoruba kún un. Ẹ tẹ àwòrán kíbọ́ọ̀dù kékeré tó wà níbẹ̀ kí ẹ rí ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà.

Ìkejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kì í yí kíbọ́ọ̀dù tí ọwọ́ yín ti mọ́ padà. Níbi Layouts kan náà, ẹ tẹ Options, ẹ wá Compose key, ẹ fún un ní Alt apá ọ̀tún. Láti ìgbà náà lọ: Compose, àmì !, lẹ́yìn náà e, á fún yín ní ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ àti ṣ. Compose, àmì ', lẹ́yìn náà a, á fún yín ní á. Tí ẹ bá lo ` dípò rẹ̀, à ló máa jáde. Compose, `, n jẹ́ ǹ.

Ibi tó ti ń fún ni ní wàhálà ni ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, nítorí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kò fún wọn ní ààyè kan ṣoṣo bíi á. Ẹ tẹ ẹ ná. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl, Shift àti U pọ̀, ẹ kọ 301, ẹ tẹ Enter: àmì òkè á bọ́ sórí rẹ̀. 300 ni ti àmì ìsàlẹ̀. Ọwọ́ máa ń mọ́ ọn kíákíá. Tí àmì náà bá ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, fọ́ǹtì ni, ẹ lo Noto tàbí DejaVu.

Ilé kéwú la ní, Lárúbáwá la ń tẹ̀.

Mint bá yín mu. Ẹ fi Arabic kún Layouts, kí ẹ gba fọ́ǹtì Amiri (`fonts-hosny-amiri`), tí lẹ́tà rẹ̀ jọ ti àwọn ìwé ẹ̀sìn tí wọ́n tẹ̀ ní Íjíbítì. Nínú LibreOffice, ẹ tan Complex Text Layout ní Options, níbi tí èdè wà. Bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí ìlà bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún á yọ. Àlùfáà tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún ọmọ kéwú lè kọ Lárúbáwá àti Yorùbá sójú ewé kan náà, èyí tó wọ́pọ̀ nílùú wa.

Kọ̀ǹpútà púpọ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Tí gbogbo wọn bá ṣe update, dátà tán nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan fà á wálẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹ yan kọ̀ǹpútà kan tó máa ń wà ní títàn, kí ẹ fi apt-cacher-ng sórí rẹ̀: `sudo apt install apt-cacher-ng`. Ohun tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá gbà, á tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rọ kejì tó bá béèrè ohun kan náà, láti inú yàrá ni yóò ti rí i gbà, kò ní kan íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Lórí àwọn yòókù, ẹ ṣẹ̀dá fáìlì `/etc/apt/apt.conf.d/01proxy`, kí ẹ kọ ìlà yìí sínú rẹ̀: `Acquire::http::Proxy "http://192.168.1.10:3142";` kí ẹ fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tiyín rọ́pò 192.168.1.10. Ẹ jẹ́ kí àdírẹ́sì yẹn má máa yí padà nínú ráútà. Flatpak, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń gba áàpù, kì í gba ọ̀nà yìí, nítorí náà nílé ẹ̀kọ́ ẹ yan áàpù tí kì í ṣe Flatpak nínú Software Manager.

Láti gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì nínú yàrá náà, Warpinator ti wà lórí Mint. Kò jẹ dátà rárá.

Mo rí àléébù kan. Ta ni mo máa sọ fún?

Ẹ sọ fún àwọn tó kọ ọ́, kì í ṣe àwa nìkan. Áàpù tí Mint fúnra wọn ṣe, bíi Cinnamon, Nemo (tí a fi ń wo fódà), Warpinator, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, lábẹ́ linuxmint. Èyí tó bá ti Ubuntu wá, Launchpad, ìkànnì Canonical, ni.

Bí ẹ bá kọ pé "Wi-Fi mi kò dáa", kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan sí i. Ẹ sọ irú ẹ̀rọ, ẹ sọ ẹ̀dà Mint, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ retí, àti ohun tí ẹ rí: "HP EliteBook 840 G3, Mint 22, Cinnamon. Mo pa ideri láptọ́ọ̀pù, mo ṣí i, Wi-Fi kò padà wá títí mo fi pa ẹ̀rọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo." Ẹ fi ohun tí `inxi -Fxz` bá kọ jáde tẹ̀ lé e. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun túmọ̀ rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí wa.

Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Àwọn tó ń kọ Mint kì í gbé níbi tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, wọn kì í sì í ra dátà ní wẹ́wẹ́. Bí Cinnamon bá ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ kú lójijì, àwa ló máa kọ́kọ́ rí i, bí a kò bá sì sọ, wọn ò ní mọ̀.

N kò mọ kóòdù kọ. Kí ni mo lè ṣe?

Ìtumọ̀. Lórí Launchpad ni wọ́n ti ń túmọ̀ àwọn áàpù Mint, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí àkáǹtì síbẹ̀ lè dábàá ọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Ìlọrin, Òrò àti Ọ̀fà ni a ń wá jù fún iṣẹ́ yìí, ju àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà lọ. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú ni, èèyàn lè ṣe díẹ̀ lórí fóònù nígbà tó bá ń dúró de ọkọ̀.

Ẹ lo Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́, yálà Ìgbómìnà lẹ jẹ́ tàbí Ìbọ̀lọ́, kí ọmọ Èkó àti ọmọ Kétu náà lè kà á. Ẹ fi gbogbo àmì sí i. Bí ẹ bá rí `%s` tàbí `%d` nínú gbólóhùn, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa fi orúkọ tàbí nọ́ńbà sí. Tí ẹ bá pa á rẹ́, áàpù lè bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá wà lórí bọ́tìnì, kó kúrú. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìtumọ̀ kọ ọ́ láì kà á: gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ lẹ́nu ọmọ Yorùbá burú ju Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ tún lè dán ẹ̀dà beta wò kó tó jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ computer science ni mí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Níbi tó kéré jù. Python ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ Mint, ẹ lè ṣí wọn kà lórí kọ̀ǹpútà yín lónìí. Applet Cinnamon, JavaScript ni. Nemo, C ni. Ẹ kọ́ git, ẹ wá àléébù kékeré kan tí ẹ fúnra yín ti rí, ẹ tún un ṣe, ẹ fi ránṣẹ́. Wọ́n lè dá a padà, wọ́n lè ní kí ẹ tún un kọ. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ẹ má bínú.

Àtúnṣe tí wọ́n gbà wà ní gbangba pẹ̀lú orúkọ yín. Ọmọ KWASU tó jókòó sí Màlété àti ẹni tó jókòó sí Dublin, bákan náà ni wọ́n ṣe máa ka kóòdù wọn.

Ṣé mo lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí mo bá bá fi Mint sórí ẹ̀rọ rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sóhun ìtìjú níbẹ̀. GPL, ìwé àṣẹ tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989 tí Linux àti púpọ̀ nínú áàpù Mint ń lò, gbà kí ẹ gba owó iṣẹ́, owó fláàṣì àti owó ìtọ́jú. Ohun tí ẹ kò lè ṣe ni kí ẹ dí ẹni tó rà á lọ́wọ́ láti tún un pín. Bí ẹ bá yí kóòdù rẹ̀ padà tí ẹ sì ń pín in, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tó gbà á rí kóòdù tí ẹ yí padà. Ẹ sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ ọwọ́ yín lẹ ń gba owó rẹ̀. Ẹni tó bá ń tà á bíi pé òun ló ni ín ń ba orúkọ gbogbo wa jẹ́.

Bí gbogbo ayé bá ń rí kóòdù rẹ̀, ṣé ìkà kò ní fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan fi nǹkan bí ọdún méjì ran iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ xz, tí a fi ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, lọ́wọ́, títí wọ́n fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló fi ohun tó lè jẹ́ kí ó wọ kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ní oṣù kẹta 2024, Andres Freund, ẹnjiníà kan ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọ ẹ̀rọ nípasẹ̀ SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè) ń pẹ́ sí i ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó wá ìdí rẹ̀ títí, ó sì tú àṣírí náà. Mint tí àwọn èèyàn ń lò nígbà náà kò gba ẹ̀dà yẹn.

Wọ́n rí i nítorí kóòdù náà ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú xz, láì gbowó, ó ti rẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀tá rí ààyè wọlé. Nígbà tí a bá ní kí ẹ ran àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́, ohun tí a ń rò nìyí.

Bí Canonical bá gbé Ubuntu gba ibi tí a kò fẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí Mint?

Irú rẹ̀ ti wáyé. Ní 2011, GNOME, ojú tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò nígbà náà, gbé GNOME 3 jáde, ó yí ojú kọ̀ǹpútà padà pátápátá, ọ̀pọ̀ kò fẹ́ ẹ. Ẹnì kan ní Ajẹntínà mú kóòdù GNOME 2, ó sọ ọ́ di MATE. Mint fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ Cinnamon. Kò sẹ́ni tó gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 2020, Ubuntu ń gbé Chromium (áàpù tí a fi ń wo ìkànnì) wọlé nípasẹ̀ snap, ọ̀nà tí Canonical fi ń pín áàpù, láì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lo apt. Mint 20 ti snap pa, wọ́n gbájú mọ́ Flatpak.

Fún ọjọ́ tí Ubuntu kò bá sí mọ́, wọ́n ti ń ṣe LMDE, tí í ṣe Mint tó dúró lórí Debian tààrà láì gba ọ̀dọ̀ Ubuntu. Ẹ kò nílò rẹ̀ báyìí. Mint 22, tó jáde ní oṣù keje 2024, wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ títí di 2029. Ẹni tó bá wà lórí Mint 21, 2027 ni tirẹ̀ máa parí.